Oúnjẹ àti Ìlera Ẹṣin nínú Ìtàn Ọ̀yọ́ Ilé

Kò sí olùkọ́ èdè Yorùbá kan tí kò tíì kọ ọ́ sí ojú pátákó rí pé òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀. A ó ṣàlàyé òwe, a ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀, a ó sì fi ẹṣin sílẹ̀ níbi tí wọ́n so ó mọ́. Àwọn òwe mìíràn náà ń bẹ. Ẹṣin iwájú ń bẹ tí ti ẹ̀yìn ń wò sáré, ẹni tó gẹṣin náà ń bẹ tí ilẹ̀ ń dúró dè. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, eré ni ẹṣin ń sá, tàbí kí ó dá ẹni tó gùn ún. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí èyí tí ẹṣin ti ń jẹun.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ibi ìjẹun ẹṣin gan-an ni apá pàtàkì kan nínú ìtàn Ọ̀yọ́ fara pamọ́ sí. A kò sọ pé ìjà oyè, ìbọn àti ọgbọ́n ogun kò lọ́wọ́ nínú gígòkè àti ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí ẹṣin ń jẹ, bí ó ti ń pọ̀ tó, ẹni tó ń gé e wá fún un, àti ohun tó ń pa ẹṣin, yóò ka ìtàn náà kọjá láìrí ìdí tí àwọn nǹkan kan fi ṣẹlẹ̀ bí wọ́n ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì di ọ̀rọ̀ àtijọ́ pátápátá, nítorí àwọn tó ní ẹṣin ṣì wà láàrin wa, ẹṣin ṣì ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

A bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kan léèrè lẹ́ẹ̀kan pé kí ni ẹṣin ń jẹ. Ọ̀pọ̀ wọn dáhùn pé koríko ni, wọ́n sì gbà á. Nígbà tí a tún bi wọ́n bóyá ẹṣin ń jẹ àpọ̀jẹ bíi màlúù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo kíláàsì ló ní bẹ́ẹ̀ ni. A kò bá wọn wí. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ẹṣin rí, màlúù ni yóò fi wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí pé ẹṣin kì í ṣe màlúù.

Ara ẹṣin àti ohun tó ń fẹ́

Àpòlúkù kan ṣoṣo ni ẹṣin ní, ó sì kéré fún ẹran tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí àpòlúkù ẹṣin ńlá lè gbà kò ju nǹkan bí lítà 8 sí 15 lọ. Ìfun ńlá tó wà lẹ́yìn ni koríko ti ń kẹ̀, níbi tí àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ti ń bá a fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni a dá ẹṣin láti máa jẹun, láti òwúrọ̀ títí di òru, kì í ṣe àjẹyó ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ẹṣin kò lè bì. Ohun tó bá ti gbé mì, ó di dandan kí ó gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ jáde. Bí a bá da ọkà bàbà púpọ̀ sílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà, ọkà náà yóò kẹ̀ níbi tí kò yẹ kó ti kẹ̀, inú yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ẹ óò rí i tí yóò máa fi pátákò walẹ̀, tí yóò máa yíjú wo ìhà ara rẹ̀, tí yóò dùbúlẹ̀ tí yóò sì máa yí gbiri, òógùn á bò ó, kò ní ya ìgbẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹṣin ni irú inú rírun bẹ́ẹ̀ ń pa. Òmíràn kò ní kú, ṣùgbọ́n ìgbóná á sọ̀ sí i ní pátákò, kò sì ní lè dá ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀, nítorí ìṣirò yìí ni a ó fi ka ìtàn tó ń bọ̀. Ẹṣin ilẹ̀ wa kò tóbi bí ti àwọn òyìnbó. Ká mú ọ̀kan tó wọn 300 kílò. Oúnjẹ gbígbẹ tó yẹ kí ó jẹ lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀, ìyẹn 6 kílò. Bí ó bá jẹ́ koríko tútù ni, tí nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ omi, àfi kí ó jẹ tó 30 kílò kí ó tó rí 6 kílò yẹn nínú rẹ̀. Omi tí yóò mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè tó lítà 25 lójúmọ́, yóò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa bí wọ́n bá sá a nínú oòrùn.

Koríko ni ìpìlẹ̀ oúnjẹ rẹ̀. Ọkà bàbà àti èérí ọkà ni a ń fi kún un fún ẹṣin tó ń ṣiṣẹ́, kí ó lè lágbára. Ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà tí a ti sá gbẹ ń ràn án lọ́wọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ti di pòròpórò. Ó tún ń fẹ́ iyọ̀, nítorí òógùn ẹṣin ń kó iyọ̀ jáde lára rẹ̀ púpọ̀ ju bí a ti rò lọ. Àwọn ará òkè ọya ń fún ẹran wọn ní kánún. Ẹni tó bá ka ìtàn tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, yóò rántí ohun tó sọ pé ìgbà Aláàfin Ọbalókun ni iyọ̀ gidi kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, àti pé òbu, iyọ̀ inú ilẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ládùn, ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. A máa ń ka gbólóhùn yẹn bí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Ìlú tó ń kó ẹṣin jọ kò lè fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ mọ sí inú ọbẹ̀.

Ọ̀yọ́ àti àwọn ẹṣin rẹ̀

Ahoro Ọ̀yọ́ Ilé wà ní ìhà àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òde òní, nínú igbó ńlá tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹranko. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Eléyìí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀tá ẹṣin tó burú jù ní apá ibí yìí kì í ṣe ọfà, eṣinṣin ni. Eṣinṣin tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tsetse fẹ́ràn ibòji àti ọ̀rinrin. Igbó kìjikìji àti ẹ̀bá odò ni ilé rẹ̀. Bí ó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ ẹran tó ní àrùn, yóò gbé kòkòrò àrùn náà lọ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹran mìíràn. Dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, David Bruce, ló fi èyí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Súlù láàrin 1894 sí 1897. Ẹṣin tó bá kó o yóò máa jẹun, yóò sì máa rù. Ibà á wá, á lọ. Abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ á wú. Eyín ìdí rẹ̀ kò ní lágbára mọ́, títí yóò fi ṣubú. Kò sí ọkà tí a lè fún un tí yóò tán àrùn náà.

Nítorí náà, Ọ̀yọ́ kò rọrùn fún ẹṣin bí ilẹ̀ Haúsá ti rọrùn, kò sì ṣòro bí ilẹ̀ igbó. Ààlà ló wà. Ẹṣin lè gbé níbẹ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ó máa bí sí i tó láti dípò àwọn tó ń kú. Láti òkè ọya, lọ́wọ́ àwọn Tápà, Ìbàrìbá àti Haúsá, ni ọ̀pọ̀ ẹṣin Ọ̀yọ́ ti ń wá, ọdọọdún sì ni a ní láti máa rà kún un. Robin Law, tí ó kọ ìwé kan lórí ẹṣin nínú ìtàn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1980, tẹnu mọ́ ọn pé owó ẹṣin wọ̀nyí kò yàtọ̀ sí òwò ẹrú. A kó ẹrú lọ sí etí òkun, a rí ọjà òyìnbó àti owó ẹyọ. A fi ìwọ̀nyí àti ẹrú ra ẹṣin. A fi ẹṣin jagun, a sì kó ẹrú. Kí olùkọ́ má ṣe fi apá yìí pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé ó ń kọrin ìyìn Ọ̀yọ́. Ikú ẹṣin kan ní Ọ̀yọ́ Ilé, ó ní ẹni tí yóò fi òmìnira rẹ̀ san án.

Nígbà tí Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé, tí ààfin sì wà ní Ìgbòho, Aláàfin Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ jọba. Ìtàn àbáláyé kan sọ pé obìnrin ni. Johnson sọ pé ó ní ẹgbẹ̀rún kan ẹlẹ́ṣin tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ogun rẹ̀, àti pé wọ́n ń so ewé mọ́ ìrù ẹṣin kí ó lè máa gbá ipa ẹsẹ̀ wọn rẹ́. Gbogbo ènìyàn ló ń rántí ewé ìdí ìrù yẹn. Àwa fẹ́ béèrè ewé ẹnu. Ẹgbẹ̀rún ẹṣin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 30 kílò koríko tútù, yóò jẹ 30,000 kílò lójúmọ́ kan. Ká ní ọkùnrin kan lè gé 60 kílò, kí ó dì í, kí ó sì rù ú dé ibùdó kí ilẹ̀ tó ṣú, 500 ènìyàn ni kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn ju koríko gígé lọ, a kò sì tíì ka àwọn tó ń pọn omi. Àwọn 500 yìí kò sí nínú oríkì ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá wo ogun Dàhómì. Ní 1726, Ọ̀yọ́ kọlu Agaja, ọba Dàhómì, ẹlẹ́ṣin sì ni agbára ogun náà. Ìjà náà ń wá, ó ń padà títí di 1748 tí Dàhómì fi gbà pátápátá láti máa san ìṣákọ́lẹ̀, èyí tí kò sì dáwọ́ dúró títí di nǹkan bí 1823. Láti Ọ̀yọ́ Ilé sí Abomey ju 300 kílómítà lọ. Ọgbọ́n tí Agaja lò lẹ́yìn tó ti rí ẹṣin lójú ogun kò ṣòro láti lóye: ó sá wọ inú igbó pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì dúró de òjò. William Snelgrave, ọ̀gá ọkọ̀ òwò ẹrú kan tó wà ní etíkun náà ní àkókò yẹn, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1734, kọ ọ́ pé àkókò òjò àti àìrí oúnjẹ ẹṣin ló máa ń dá àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ padà sílé.

Ibí yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́n yóò ti na ọwọ́ sókè. Báwo ni oúnjẹ ẹṣin yóò ṣe wọ́n nígbà òjò, nígbà tí koríko ń hù níbi gbogbo? Ìbéèrè tó dára ni, inú ara ẹṣin ni ìdáhùn rẹ̀ sì wà. Koríko àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, omi ló kún inú rẹ̀. Ẹṣin a jẹ ẹ́ títí, kò ní rí agbára ogun nínú rẹ̀. Ẹṣin tó ti ń jẹ koríko gbígbẹ láti bí oṣù mélòó kan, bí a bá sì dà á sórí koríko tútù lójijì, inú yóò run ún. Ọkà bàbà ńkọ́? Ìparí ọdún ni wọ́n ń kórè rẹ̀. Tí òjò bá fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, àká ti ń gbẹ, àwọn tó ni oko pàápàá ti ń wọ̀n ọ́n jẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Dàhómì kò sì fi tiwọn sílẹ̀ nílé de àlejò. Lórí gbogbo rẹ̀, òjò yìí kan náà ló ń mú kí eṣinṣin tsetse kúrò ní ẹ̀bá odò, kí ó tàn ká inú ọ̀dàn. Ogunlọ́gọ̀ ẹṣin tó bá dúró ní Abomey títí di oṣù kẹfà, kò ní í sí èyí tí yóò padà dé Ọ̀yọ́ ní pípé. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rù ló ń lé wọn padà. Balógun tó mọ ẹṣin ló ń darí wọn.

Ti Ìjẹ̀ṣà kò gba àlàyé púpọ̀. Johnson kọ ọ́ pé nígbà Ọbalókun kan náà ni ogun Ọ̀yọ́ wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ba dè wọ́n nínú igbó tí wọ́n sì pa púpọ̀ nínú wọn, nítorí ìjà inú igbó kò tíì mọ́ àwọn ará Ọ̀yọ́ lára. Igbó kò jẹ́ kí ẹṣin sáré, kò fún un ní oúnjẹ, ó sì ń gba eṣinṣin lálejò.

A kò lè kọjá láìmẹ́nu ba ohun kan tó máa ń yà wá lẹ́nu. Ekìtì, tí ẹṣin kò rọrùn láti gbé, ni díẹ̀ nínú àwọn ẹlẹ́ṣin tó lẹ́wà jù nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá ti wá. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìṣẹ̀, tó kú ní nǹkan bí 1938, gbẹ́ ẹlẹ́ṣin sára òpó ààfin. Ọ̀kan nínú irú òpó rẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní New York báyìí. Nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, ẹni tó gùn ún ń tóbi, ẹṣin ń kéré. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà sọ pé ipò ènìyàn ni agbẹ́gilére ń fi ìtóbi hàn, a sì gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ó tún bá ọ̀nà tí ìtàn wa ń gbà wo ẹṣin mu: ẹni tó wà lórí rẹ̀ ni ojú wa ń lọ bá.

Ta ló di okùn mú?

Nínú àwọn olóyè ààfin Ọ̀yọ́ tí Johnson kà sílẹ̀, Olókùn-ẹṣin wà níbẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó gbọ́dọ̀ bá Aláàfin lọ bí ọba bá wàjà. Àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní 1944, tí aláṣẹ òyìnbó sì dá sí ọ̀rọ̀ náà, Dúró Ládiípọ̀ fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe eré Ọba Wàjà ní 1964, Wọlé Ṣóyínká náà sì tẹ eré tirẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní 1975. Láti ìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ bí ó ṣe yẹ kí Ẹlẹ́ṣin kú. A kò tíì rí ìwé ìdánwò kan tó béèrè bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ náà wà nínú orúkọ oyè gan-an: oní okùn ẹṣin, ẹni tí okùn ẹṣin ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ló lọ okùn náà? Ẹ jẹ́ kí a tún ṣí Johnson, níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá, ní nǹkan bí 1817. Ó ní nígbà tí Àfọ̀njá pe àwọn ẹrú Haúsá pé kí wọ́n wá sí Ìlọrin kí wọ́n gba òmìnira, àwọn tó wá bá a ni àwọn tí wọ́n ti ń ṣe onígbàjámọ̀, alọkùn àti darandaran fún àwọn olówó wọn káàkiri ilẹ̀ náà. Gbólóhùn kan péré ni. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń kà á kọjá. Ní tiwa, a rò pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn gbólóhùn tó wúwo jù nínú ìwé náà. Alọkùn ni ẹni tó mọ okùn tó ń dá ẹṣin dúró láìgé e lẹ́sẹ̀. Onígbàjámọ̀ Haúsá kì í ṣe ẹni tó ń fárí nìkan. Òun ló ń kọ ilà, òun ló ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀. Darandaran ló mọ koríko tó wúlò àti èyí tó ń pani, ó mọ ibi tí omi wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì mọ odò tí a kì í da ẹran gbà nítorí eṣinṣin. Ilẹ̀ tí ẹṣin ti ń wá ni àwọn wọ̀nyí náà ti wá. Lẹ́nu ọ̀rọ̀ kan, wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Ohun méjì ló wá bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ nígbà kan náà. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà wọlé, nítorí pé lẹ́yìn tí wọ́n ti pa Àfọ̀njá ní nǹkan bí 1823 sí 1824, ìdílé Àlímì tó ń bá Sókótó ṣe ló ń darí rẹ̀. Èyí ni àwọn òpìtàn máa ń tọ́ka sí. Èkejì ni ìmọ̀. Àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ mọ bí a ṣe ń gun ẹṣin, wọ́n mọ bí a ṣe ń jà lórí rẹ̀, wọ́n sì mọ ẹwà rẹ̀. Ìwọ̀n ọkà, àkókò omi, àmì àìsàn, gbogbo ìwọ̀nyí wà lórí ẹni tí wọ́n rà lọ́jà, tí wọn kò sì ka ohun tó mọ̀ sí ìmọ̀. Bí a bá rí ẹṣin mìíràn rà, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Ní nǹkan bí 1836, Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro.

Ìlọrin gba ipò ẹlẹ́ṣin. Ìbàdàn, tó wà ní etí igbó, gbé agbára tirẹ̀ lé ẹlẹ́sẹ̀ àti ìbọn, ó sì dá ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840. Àwọn ìjòyè Ìbàdàn kò jáwọ́ nínú ẹṣin gígùn, ṣùgbọ́n ẹṣin ti ń kúrò ní ohun ìjà, ó ti ń di ohun oyè.

Àwọn tó ní ẹṣin lónìí

Ohun oyè náà ni ó ṣì jẹ́. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ìdílé balógun ń gun ẹṣin lọ sí Ojúde Ọba, pẹ̀lú aṣọ olówó iyebíye àti ìró ìbọn. Ní Ìlọrin, ẹṣin ń jáde fún ọdún. Ní Èkó, ọmọkùnrin ń fa ẹṣin kiri etí òkun kí àwọn olùgbafẹ́ lè san owó gùn ún. Ọ̀pọ̀ nínú ẹṣin wọ̀nyí ṣì ń ti òkè ọya wá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú wọn náà sì ń ti ibẹ̀ wá, èdè Haúsá ni wọ́n sì ń bá ẹṣin sọ. Ẹni tó ni ẹṣin ń sọ Yorùbá, ó mọ oríkì ilé rẹ̀, ó mọ iye tí gàárì jẹ́. Lọ́jọ́ tí olùtọ́jú bá lọ sílé kí àwọn ẹbí rẹ̀, olówó ẹṣin a di àlejò lọ́dọ̀ ẹṣin ara rẹ̀. Ọdún tó lé ní 200 ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ Àfọ̀njá.

Àwa kì í ṣe dókítà ẹran. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá ń ka àkàyé lórí mọ́tò àti lórí báńkì, kò sí ìdí tí kò fi lè ka èyí tí yóò wúlò fún ẹni tó ní ẹṣin. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, ẹni tí kò rí ọkà bàbà rà lè sọ pé kí òun fún ẹṣin ní oúnjẹ adìẹ tí wọ́n ń tà nínú àpò, nítorí ọkà náà ló wà nínú rẹ̀. Ikú ló lè fi bọ́ ọ. Wọ́n ń po oògùn kan tó ń jẹ́ monensin mọ́ àwọn oúnjẹ adìẹ kan láti dènà àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Adìẹ ń jẹ ẹ́ kò ṣe é ní nǹkan kan, màlúù náà ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti ba ọkàn ẹṣin jẹ́. Bákan náà ni oògùn àrùn eṣinṣin tí darandaran ń gún fún màlúù láìsí ewu, tó jẹ́ pé ìwọ̀n díẹ̀ tó bá fi pọ̀ jù lè ṣe ẹṣin ní jàǹbá. Dókítà ẹran ló yẹ kó wọn èyí. Màlúù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi wọn ẹṣin nínú kíláàsì. Àwọn àgbà náà ń fi wọ̀n ọ́n, ní abẹ́rẹ́.

Ti ọjọ́ àríyá náà tún wà. Ẹṣin tó ti dúró lórí ìso fún oṣù mẹ́ta, tí wọ́n wá fi ọkà kún oúnjẹ rẹ̀ ní àná ọdún kí ara rẹ̀ lè dán, tí wọ́n gùn láti àárọ̀ nínú oòrùn àti ìró ìbọn láìfún un lómi, ohun gbogbo tó ń fa inú rírun ni wọ́n ti kó bá a lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló yẹ kí a fi yí oúnjẹ ẹṣin padà, díẹ̀díẹ̀. Omi kò gbọdọ̀ jìnnà sí i. Koríko ni kí ó kọ́kọ́ jẹ, ọkà lẹ́yìn. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì pe dókítà nítorí àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì, tí ẹṣin tètè ń kó ju ọ̀pọ̀ ẹran ọ̀sìn lọ.

Níbi tí a ti fẹ́ kọ irú àkàyé bẹ́ẹ̀ fún kíláàsì wa ni ìṣòro èdè ti dé. A ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó fún ohun tí ojú ń rí lára ẹṣin: gọ̀gọ̀, pátákò, gàárì, ìjánu, agódóńgbó. Ti inú rẹ̀ ni kò pọ̀. Fún àìsàn inú tí a ṣàpèjúwe lókè, a lo "inú rírun ẹṣin", a sì rò pé ó tó, bí olùyẹ̀wò bá ti gbà pé kì í ṣe inú rírun tí àgbo ń wò ni. Fún èyí tó ń mú ẹṣin lẹ́sẹ̀ nígbà tó bá jẹ ọkà jù, àwọn kan dábàá "àrùn pátákò". A kò fara mọ́ ọn, nítorí màlúù náà ní àrùn pátákò tirẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì jọra. "Pátákò gbígbóná" ni àwa lò. Ohun tí ọwọ́ ń bá níbẹ̀ ni orúkọ náà sọ: bí a bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pátákò iwájú méjèèjì ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó là, kí ẹṣin tó rìn, ìgbóná náà á ti wà níbẹ̀, nígbà mìíràn ṣáájú kí ẹṣin tó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.